Òdòdó Ara Ògiri Màmá

Tí mo bá rí ẹni tó ń fi ìwé ìròyìn nu dígí, màmá ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Láàárọ̀ Jímọ̀, wọ́n á rẹ ìwé ìròyìn sómi, wọ́n á fi nu àwòrán òdòdó mẹ́fà tó wà ní pálọ̀ wọn ní àdúgbò Adéwọlé. Òyìnbó tí bàbá ọkọ mi ń bá tọ́jú ọgbà ló kó àwòrán náà fún bàbá nígbà tó ń padà sílùú ẹ̀. Bí ọmọdé bá fọwọ́ kan férémù, màmá á pariwo: "Má já òdòdó mi o!" A máa ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí bàbá kú, mo lọ sọ fótò wọn kan di ńlá, mo gbé e fún màmá. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì láti Ọ̀mù-Àrán ni mí; n ò mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí kì í gbé àwòrán ojú èèyàn kọ́ síbi tí wọ́n ti ń kírun, pálọ̀ yẹn sì ni màmá ti ń kírun. Màmá ṣàdúrà fún mi, wọ́n sì gbé e sínú àpótí. Ojú tì mí.

Màmá fà mí lọ síbi ògiri tí àwòrán òdòdó wà.

"Ìyàwó mi, irú òdòdó yìí ni bàbá yín fi gbogbo ayé wọn bomi rin. Ní báyìí tí wọ́n ti lọ sinmi, ta ni kó máa fún un lómi bí kò ṣe èmi?"