Òwú Pupa àti Búlúù ní Igun Ìwé

Abẹ́rẹ́ ni Kàsímù fi ń kọ̀wé.

Kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Télọ̀ ni ní Jankara kí olè tó gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló di ẹni tó ń tọ́jú ìwé ní ọ́fíìsì Lọ́yà Ọláìtán, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́yìn CMS. Ìwé ilẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ti àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé ilé kan ṣoṣo lè ní orúkọ mẹ́wàá nínú ìwé. Bàbá àgbà ra ilẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀. Ọmọ san owó ilẹ̀ ní orúkọ Mùsùlùmí. Ọmọ-ọmọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ya pùláànù ní orúkọ ìrìbọmi. Ọmọ obìnrin lọ sílé ọkọ, ó fi orúkọ ọkọ buwọ́ lu èyí tó kù. Agboolé kan náà ni gbogbo wọn.

Kàsímù ò lè ka orúkọ, kò sì tẹ̀ lé orúkọ. Ohun tó máa ń bi oníbàárà ni pé, "Agboolé wo lẹ ti wá?" Tí wọ́n bá ti dáhùn, á mú abẹ́rẹ́, á rán òwú kékeré sí igun òkè ìwé náà. Pupa fún agboolé kan, àwọ̀ ewé fún òmíràn. Nígbà tí àwọ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ méjì pọ̀. Kókó kan, rìsíìtì ni. Kókó méjì, pùláànù. Kókó mẹ́ta, lẹ́tà. Ọwọ́ òsì ló fi ń rán an, nítorí náà gbogbo kókó rẹ̀ ló máa ń dà sápá òsì. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ṣe é. Tí Lọ́yà bá pariwo pé òun ń fẹ́ ìwé, kò ní í tíì pa ẹnu dé tí Kàsímù á ti gbé e dé.

Mọ̀núrù ni ọmọ rẹ̀. Ìwé mẹ́fà ló yẹ kó kà, márùn-ún ló kà. Ṣùgbọ́n ó mọ òwú. Àtikékeré ló ti ń bá bàbá rẹ̀ lọ́ ọ, ó mọ agboolé gbogbo bí ẹni mọ ojú ìyá rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1998, ibà mú Kàsímù ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́rú ni wọ́n sin ín. Lọ́yà wá sí fídáù, ó ní, "Mọ̀núrù, bọ́ sídìí iṣẹ́ bàbá rẹ." Mọ̀núrù bọ́ sí i. Abẹ́rẹ́ olóògbé ṣì wà lára kọ́tìnì níbi tó máa ń gún un mọ́. Kò yọ ọ́. Ó ń wò ó lójoojúmọ́.

Ogójì ọjọ́ kò tíì pé tí Àbídèmí fi dé.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ọmọ ọdún méjìlélógún, ó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Abẹ́òkúta. Lọ́yà ra kọ̀ǹpútà fún un, ó ra ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn tí wọ́n ń pè ní sikánà. Tí wọ́n bá da ojú ìwé dé inú rẹ̀, iná á kọjá lábẹ́ ìwé náà, àwòrán rẹ̀ á sì yọ lójú kọ̀ǹpútà. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, àyè kékeré kan wà tí Àbídèmí ń kọ nǹkan sí: orúkọ tó wà lórí ìwé, ọjọ́ rẹ̀, àti nọ́ńbà páálí tí ìwé náà fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Orí tábìlì Kàsímù ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lé. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì Kàsímù síta, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fáànù tí kò fẹ́ sí Kàsímù rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọjú rẹ̀ sí.

"Ẹ wá wo nǹkan!" Lọ́yà á máa pe àwọn oníbàárà. "Ìwé tó kún yàrá yìí, ó ti ń wọ inú àpótí kan. Àbídèmí ọmọ mi, o káre."

Ọmọ mi! Mọ̀núrù ò gbọ́ kí Lọ́yà pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá òun lo ayé rẹ̀ níbí, Kàsímù ni wọ́n ń pè é wọlé, Kàsímù ni wọ́n ń pè é jáde.

"Bọ̀dá Mọ̀núrù, ẹ wá wò ó, ó ti yọ," Àbídèmí á pè é.

"Mo níṣẹ́ lọ́wọ́, Àǹtí Kọ̀ǹpútà."

"Ìṣẹ́jú kan péré ni."

"Ojú ń dùn mí."

Kò wò ó. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò wo ojú kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá kó ìwé wọlé, ògiri ló máa ń wò.

Ṣùgbọ́n ó rí sísọ́ọ̀sì. Tí Àbídèmí bá ti ya àwòrán ìwé kan tán, á gé òwú igun rẹ̀ jù nù, torí òwú kì í jẹ́ kí ìwé dùbúlẹ̀ dáadáa nínú páálí. Á gé pupa, á gé dúdú, á gé àwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Mọ̀núrù rí i, ó fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ pé, "Má gé e, orúkọ ilé nìyẹn." Lọ́yà ń kọjá lọ lákòókò náà, ó ní, "Àbídèmí ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Mọ̀núrù pa ẹnu rẹ̀ dé.

Máa gé e lọ, ló wí nínú ara rẹ̀. Ọjọ́ ń bọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá ìwé tì, wọn ó mọ ẹni tó mọ̀wé.

Òun fúnra rẹ̀ ló sì ń lọ da agbọ̀n ìdọ̀tí náà nù ní ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀, òun ló ń rù ú lọ sí ààtàn.

Ó ṣe ohun kan sí i. Àlhájà Mùtíátù, oníbàárà wọn láti agboolé Alápò, ti mú pùláànù ilé wọn wá lẹ́yìn fídáù. Ọwọ́ Mọ̀núrù ló fi í sí. "Ìwọ ni mo fún o, bí mo ṣe máa ń fún bàbá rẹ." Ó yẹ kó gbé e fún Àbídèmí. Kò gbé e. Ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Nǹkan kan á wà tí kọ̀ǹpútà ò ní ní.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Jímọ̀ kan dé nínú oṣù karùn-ún. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán. Àlhájà Mùtíátù gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó ń mí hẹlẹ.

"Lọ́yà, ẹjọ́ ilé wa di ọjọ́ Ajé. Ẹ fún mi níwé ilé mi kí n fojú rí i kí ọkàn mi balẹ̀. Mọ́kànlá ni."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. "Àlhájà, ayé ti yí. Ẹ jókòó, ẹ ò ní í pẹ́. Àbídèmí!"

Àbídèmí tẹ orúkọ Mùtíátù sí kọ̀ǹpútà. Ìwé méjì ló yọ.

"Méjì ni mo rí, mà."

"Méjì kẹ̀? Ṣé inú tẹlifíṣọ̀n yìí ni ilé bàbá mi há sí ni?"

"Orúkọ wo ló wà lórí àwọn tó kù, mà?"

"Èmi ni kí n mọ̀? Ṣé mo kàwé ni? Agboolé Alápò! Kàsímù kì í bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kì í tíì jókòó tó fi máa ń gbé e fún mi."

Àbídèmí tẹ Alápò. Kò sí nǹkan kan. Ó tẹ orúkọ bàbá Àlhájà, ẹyọ kan yọ. Ó tún un tẹ̀. Lọ́yà ṣí páálí kan, ó rí ìwé tó jọra wọn bí ìrẹsì. Mẹ́rìnlá ni páálí náà.

"Aago mẹ́sàn-án ọjọ́ Ajé ni adájọ́ ń retí wa," ni Lọ́yà wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Láìsí rìsíìtì mẹ́wàá yẹn àti pùláànù, àwọn tó ń bá wa ṣẹjọ́ á gba ilé."

Mọ̀núrù fara ti ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tó ń retí nìyí. Ó dùn mọ́ ọn bí oyin ìgàn. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á.

Àlhájà yíjú sí i. Kò pariwo mọ́. "Mọ̀núrù ọmọ Kàsímù. Ṣé wọ́n á lé mi jáde nílé tí wọ́n bí mi sí?"

Obìnrin yìí ló bá ìyá rẹ̀ jókòó lórí ẹní fún ọjọ́ mẹ́jọ nígbà tí Kàsímù kú. Kò lọ sọ́jà. Oyin di ewúro lẹ́nu Mọ̀núrù.

Ó wọlé. "Òwú tó ò ń gé jù nù," ó wí fún Àbídèmí, "òun ni orúkọ agboolé."

"Òwú wo?" ni Lọ́yà bi í.

"Tí bàbá mi rán."

Àbídèmí wò ó. "Bọ̀dá, oṣù mẹ́ta lẹ fi ń wò mí. Ẹ ò sì sọ̀rọ̀?"

Mọ̀núrù kọjú sí ògiri.

"Ẹ dúró ná," ni Àbídèmí wí. "Òwú tẹ́ ẹ ń sọ, ṣé èyí ni?"

Ó sọ igun àwòrán kan di ńlá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Mọ̀núrù yí lọ sẹ́yìn àga Àbídèmí, ó wo ojú kọ̀ǹpútà.

Òwú àwọ̀ ewé ni. Kókó mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ dà sápá òsì.

Ó di àga mú. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ nìyí. Ohun tó rò pé òun ti dà sí ààtàn, ibí ló wà láti ọjọ́ yìí, níwájú fáànù, wọ́n ń pè é kó wá wò ó, ó ń wo ògiri.

"Kí n tó gé e ni mo máa ń yà á," ni Àbídèmí wí. "Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo ti ń gbèrò àtipa á rẹ́ láti ọjọ́ Ajé, kí àwòrán lè mọ́."

"Má pa á rẹ́." Mọ̀núrù fọwọ́ bo igun àwòrán náà. "Jọ̀ọ́. Má pa á rẹ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwòrán ẹgbẹ̀fà ló wà níbẹ̀. Àbídèmí ń ṣí i, Mọ̀núrù ń wo igun. "Kọjá. Kọjá. Kọjá. Dúró! Pupa àti búlúù, Alápò nìyẹn." Àbídèmí á tẹ Alápò sí àyè kékeré abẹ́ rẹ̀, á ka nọ́ńbà páálí, Lọ́yà fúnra rẹ̀ á fà á yọ. Nẹ́pà mú iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n tún padà sídìí ẹ̀. Orúkọ tó wà lórí àwọn ìwé náà jìnnà síra: Búráímọ̀, Sàlámì, Tìmílẹ́yìn, orúkọ ọkọ obìnrin méjì. Òwú wọn ò yàtọ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, rìsíìtì mẹ́wàá ti pé lórí tábìlì.

"Pùláànù ńkọ́?" ni Lọ́yà wí.

Àbídèmí wá a lọ, ó wá a bọ̀. "Kò sí níbí, sà."

Mọ̀núrù mọ̀ pé òun lè jáde kí òun sì wọlé padà pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Wọn ì bá fayọ̀ fò mọ́ ọn. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣí dúrọ́ọ̀ lójú gbogbo wọn, ó gbé pùláànù lé orí tábìlì.

"Ọwọ́ mi ló wà. Mi ò fẹ́ kó wọ kọ̀ǹpútà."

Lọ́yà dìde. Àlhájà na ọwọ́ sí i. "Lọ́yà, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é."

"Kì í ṣe ọ̀fọ̀, Àlhájà," ni Mọ̀núrù wí. "Ìlara ni."

Àbídèmí ṣí ìdérí sikánà, ó na ọwọ́ gba pùláànù.

"Dúró ná," ni Mọ̀núrù wí.

Ó lọ sídìí kọ́tìnì, ó yọ abẹ́rẹ́ bàbá rẹ̀. Ó lọ́ pupa mọ́ búlúù, ó rán an sí igun pùláànù, kókó méjì. Apá ọ̀tún ni kókó tirẹ̀ dà sí. Àbídèmí da ojú ìwé náà dé. Iná kọjá. Nígbà tí àwòrán yọ, Àbídèmí dìde kúrò lórí àga.

"Ẹ tẹ orúkọ agboolé fúnra yín, Bọ̀dá."

Ìka kan ló fi tẹ Alápò. Ó pẹ́ kó tó rí P.

Ní ọjọ́ Ajé, adájọ́ gba ìwé mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ilé Alápò kò yẹ̀. Lọ́yà padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó fọwọ́ gbá orí kọ̀ǹpútà pẹ́pẹ́ bí ẹni ń kí ọmọ tó gbégbá orókè. "Kọ̀ǹpútà yìí ṣe bẹbẹ! Àbídèmí ọmọ mi, o káre." Kò dárúkọ Kàsímù. Kò dárúkọ Mọ̀núrù.

Ó dùn ún. Ká má parọ́, ó dùn ún dé eegun. Ó jáde lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì bàbá rẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé bẹ́ǹṣì náà wọlé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Àbídèmí. Ó yí fáànù díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ìwé tí kò tíì ní orúkọ agboolé ṣì lé ní ẹgbẹ̀rún.

"Sún," ló wí.

Àbídèmí sún.