Ọ̀já Etù Inú Ibùjẹ Ẹran

Òtútù Jos nínú oṣù Kejìlá kì í ṣe òtútù àwàdà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Adó, tí ẹ ń pe ọyẹ́ ní òtútù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá mi jiyàn. Ní Hwolshe tí à ń gbé nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ìparí àwọn ọdún 1970, bí mo bá bọ́ sẹ́yìn ilé láàárọ̀, èéfín á máa jáde lẹ́nu mi bí ẹni tó ń mu sìgá. Kí n tó parí "Mo kí ọ, Màríà" kan ṣoṣo, ètè mi á ti la. Síbẹ̀, inú oṣù yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí pé oṣù náà ni a máa ń ṣe Ádífẹ́ńtì nílé-ìwé.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn Àgùdà ni, ìyá mi sì ni tíṣà kíláàsì kẹta. Èkìtì ni òun àti bàbá mi ti wá, iṣẹ́ ìjọba ló gbé wọn dé Plateau. Èmi ní tèmi, Jos ni wọ́n bí mi sí, Háúsá ló sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kíláàsì ìyá mi gan-an ni mo wà. Bí mo bá gbàgbé tí mo pè é ní Màmá dípò Ántí, rúlà ló fi ń dá mi lóhùn.

Ádífẹ́ńtì ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí àwa Àgùdà fi ń retí Kérésìmesì. Ìyá mi á ká ewé páìnì bí òṣùká, á gbé àbẹ́là mẹ́rin lé e: mẹ́ta aláwọ̀ àlùkò, ọ̀kan aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí a máa ń tàn ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nítorí pé ọ̀sẹ̀ ayọ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń ta àbẹ́là pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ní gbogbo Jos. Ìyá mi yọ́ àbẹ́là funfun, ó ha kíréyọ̀n pupa sí i, ohun tó jáde dà bí ẹran adìyẹ tí kò jinná. A rẹ́rìn-ín títí. Òun náà rín.

Àmọ́ ibùjẹ ẹran ni olórí ètò wa. Káfíńtà ti fi pákó kan ṣe é, ó kéré, a sì gbé e ka orí tábìlì níwájú kíláàsì. Òfìfo ló gbọ́dọ̀ wà títí di ọjọ́ tí Jésù máa wọ inú rẹ̀. Ọmọ tó bá ti ṣe oore kan, bó ti wù kó kéré mọ, á mú pòròpórò acha kan ṣoṣo, á tẹ́ ẹ síbẹ̀. Acha ni ọkà wínníwínní tí àwọn ará Plateau ń gbìn. Pòròpórò rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ oore tó ṣe. Bí ìwà wa bá dára, ibùsùn Jésù á rọ̀. Bí a bá sì ya ìpáǹle, orí pákó ni ọmọ Ọlọ́run máa sùn nínú òtútù. A bẹ̀rù ìyẹn gan-an, nítorí àwa mọ òtútù.

Nǹkan kan wà tí a kì í sọ nílé wa lásìkò náà. Ìyá mi lóyún. Lẹ́yìn tèmi, oyún méjì ló ti bàjẹ́ lára rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó ń dárúkọ èyí. Wọn ò ra aṣọ ọmọ, wọn ò ra ike ìwẹ̀, wọn ò ra ohunkóhun. Aṣọ òtútù ńlá ló fi bò ó nílé-ìwé, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ sì rò pé ó kàn sanra ni. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí Ádífẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, ìyá ìyá mi gbéra láti Èkìtì wá dúró tì í.

Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń pe iṣu ní uṣu, ó ń pe ilé ní ulé, àwọn ọmọ àdúgbò sì máa ń tẹ̀ lé e kiri kí wọ́n lè gbọ́ Èkìtì rẹ̀. Àgùdà paraku ni, rósárì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ní alaalẹ́ tí a bá parí rósárì, ó máa ń fi àdúrà tirẹ̀ kan dé e: "Kí á gbóhùn ìyá, kí á gbóhùn ọmọ." A ó ṣe àmín. Ìyá mi kì í ṣe àmín tirẹ̀ sókè.

Lọ́jọ́ kan, Yèyé gbé oúnjẹ wá fún ìyá mi nílé-ìwé, ó sì rí ibùjẹ ẹran náà.

"Ta ló bímọ?" ló bi mí.

Mo ní kò sẹ́ni tó bímọ, pé Jésù ni a ń retí.

"Ẹ tẹ́ ibùsùn ọmọ de ọmọ tí kò tíì dé? Níwájú aboyún?" Ó gbọ́wọ́ lérí. "Yéè! Ẹ̀yin ará Jos, kí ni mo ṣe fún yín?"

Ẹ má bá a wí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn ní Èkìtì, alẹ́ Kérésìmesì ni wọ́n ń gbé Jésù àti ibùsùn rẹ̀ wá pọ̀. Kò tíì rí ibùsùn ọmọ tó dá wà lófìfo rí. A kì í tẹ́ ẹní de ọmọ tí a kò tíì bí; bí ó ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ìyá mi fà á síta, ó ń sọ pé, "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra." Yèyé rọra lọ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wé gèlè, ó ki nǹkan kan bọ inú àpò, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì Sístà.

Sístà ni ọ̀gá ilé-ìwé wa, òyìnbó, arúgbó díẹ̀, tó ń sọ Háúsá bí ará ọjà. Kò gbọ́ Yorùbá. Yèyé kò gbọ́ Háúsá, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyẹn tí èmi fi di ògbufọ̀. Ìyá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lọ́wọ́, kò mọ ohunkóhun.

"Sọ fún un pé kó gbé ibùsùn yẹn kúrò níwájú ọmọ mi."

Mo sọ ọ́. Sístà rẹ́rìn-ín, ó ní òfìfo yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀, kí àwọn ọmọ lè mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn máa retí. Mo yí i sí Yorùbá.

"Kéèyàn máa retí?" ni Yèyé wí. "Sọ fún un pé ọmọ mi mọ̀ ọ́n. Ó ti retí lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ òfìfo ló ń gbé bọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló wà lára rẹ̀ yìí."

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Wọ́n ní kí n túmọ̀, mo túmọ̀ ni. Ẹ̀rín kúrò lójú Sístà. "Kai," ló wí, jẹ́jẹ́.

Yèyé wá tú àpò rẹ̀, ó fa ọ̀já kan yọ. Aṣọ etù ni, aró rẹ̀ ti ṣá, wọ́n ti fọ̀ ọ́ títí ó fi rọ̀ bí ewé ẹ̀fọ́ tó rọ. "Èyí ni mo fi pọ̀n ọmọ mi," ni ó wí. "Òun nìkan ló yè nínú gbogbo ọmọ tí mo bí. Bí ẹ ò bá ní gbé ibùsùn yẹn kúrò, ẹ jẹ́ kí ohun tó ti gbé ọmọ tó yè wà nínú rẹ̀. Kó ṣáà má ṣòfìfo."

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìyá mi ti ní àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì ní láti tún un sọ ní Háúsá. Ọwọ́ méjèèjì ni Sístà fi gba ọ̀já náà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí kíláàsì wa, tó tẹ́ ẹ sínú ibùjẹ ẹran, tó kó ìwọ̀nba pòròpórò tó wà níbẹ̀ lé e lórí. Ìyá mi rí ọ̀já náà, ó sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó kọjú sí bọ́ọ̀dù, ó ń nu ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Yèyé, ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ mi fún gbogbo ayé."

"Ayé wo? Òyìnbó kan ṣoṣo!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, Sístà kò jẹ́ kí ìyá mi dúró nínú oòrùn ṣọ́ àwọn ọmọ níbi eré mọ́, ó sì gbé àga onítìmùtìmù tirẹ̀ wá fún un.

Ọ̀sẹ̀ kẹta la wà. Ìyá mi ṣẹ́ ìṣáná sí àbẹ́là aláwọ̀ ẹran adìyẹ yẹn, ó sì di tábìlì mú. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ lọ pe Sístà." Mọ́tò Sístà ló gbé e lọ sí ọsibítù. Oyún náà kò tíì pé. Ó kù tó oṣù kan àti ààbọ̀.

Obìnrin ló bí. Yèyé ti ọsibítù dé, ó jókòó sórí àpótí ní kíṣìnnì. Ó ní ọmọ náà kò tó uṣu kan. Inú àpótí dígí ni wọ́n gbé e sí kí ó lè móoru, wọn kò sì jẹ́ kí Yèyé fọwọ́ kàn án. "Mo rí i tó ya ẹnu pé ó ń sunkún," ni Yèyé wí, "mi ò gbọ́ nǹkan kan." Kò sọ pé "ẹ kú ewu ọmọ" fún bàbá mi, bàbá mi náà kò sì sọ ọ́ fún un.

Aṣọ ọmọ kan ṣoṣo kò sí nílé. Aládùúgbò wa kan, Mùsùlùmí ará Ìlọrin tí a ń pè ní Àlùfáà, tó ń ta bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́jà, ló gbọ́, ló bá mú kékeré kan wá. Kò gba owó. "Ọlọ́hun á dá a sí," ló wí, ó sì fi Háúsá kún un: "Allah ya raya." Ọjọ́ kẹjọ pé, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìsọmọlórúkọ. Yèyé ní a kì í pe orúkọ mọ́ ẹni tí kò tíì sọ pé òun máa dúró.

Ní kíláàsì, ọmọbìnrin kan tó ń ti àdúgbò Dogon Dutse wá sọ fún mi ní Háúsá pé ọmọ tó bá yá dé máa ń yá padà. Mo fọ́ ọ létí. Sístà, tó ń kọ́ wa dípò ìyá mi, ní kí n kúnlẹ̀, n kò sì tẹ́ pòròpórò kankan lọ́jọ́ yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin náà mú pòròpórò tirẹ̀, ó tẹ́ ẹ, ó wojú mi, ó ní, "Ti àbúrò rẹ nìyí." Wallahi, omi bọ́ lójú mi. Bí gbogbo kíláàsì ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n ń du ìgbálẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Wọ́n ń bá ara wọn gbé àpò, àní ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé e. Ìwà rere wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Pòròpórò acha bo ọ̀já náà pátápátá.

Kérésìmesì dé, wọ́n gbé ibùjẹ ẹran náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Fáda sì tẹ́ ère Jésù sínú rẹ̀. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, orin sọ. Mo wo Yèyé. Kò kọrin.

"Tiwọn ti dé," ló sọ sí mi létí. "Tèmi ṣì wà nínú dígí."

Ère náà máa ń wà níbẹ̀ títí di àjọ̀dún àwọn amòye, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni dókítà ní kí a máa gbé ọmọ wa lọ sílé, pé kí ó ṣáà máa wà lára ènìyàn ní gbogbo ìgbà nítorí òtútù. Bàbá mi wa mọ́tò, ìyá mi gbé ọmọ náà sáyà nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì Àlùfáà. Bí a ṣe fẹ́ kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, Yèyé ní, "Dúró."

Sístà wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kó ewé páìnì gbígbẹ kúrò nílẹ̀. Yèyé kí i pẹ̀lú "sannu" kan ṣoṣo tó ti kọ́, ó kọjá lọ síwájú. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ọmọ Màríà, má bínú." Ó gbé ère náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́: "Dì í mú o, má jẹ́ kó bọ́." Ó fa ọ̀já yọ, ó gbọ̀n ọ́n, pòròpórò ń fò kiri. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ohun tó kù nínú ibùjẹ ẹran wò.

"Ó rọ̀," ló wí. "Sọ fún Sístà pé ó rọ̀ tó fún un. Àwọn ọmọ yín gbìyànjú."

Mo túmọ̀ rẹ̀, mo sì dá Jésù padà sáyè rẹ̀. Yèyé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá mi gbé ọmọ lé e lẹ́yìn. Yèyé fa ọ̀já yí i, ó tún un yí, ó so ó le. Ó wá yí ọrùn díẹ̀, ó sì sọ ọmọ náà lórúkọ. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àbúrò mi ké. Kì í ṣe igbe inú dígí o. Ó ké, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbà á.

Yèyé dúró ṣinṣin, ó ń gbọ́. Ó ní, "Ìwọ ìyá rẹ̀, ìwọ náà sọ̀rọ̀ kí n gbọ́."

"Mo wà níbí, Yèyé," ni ìyá mi wí. Ẹkún kò jẹ́ kó sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ó tán. Mo gbóhùn ìyá, mo gbóhùn ọmọ."

"Àmín," ni ìyá mi wí, sókè.

Yèyé nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ọ̀já. "Ó yá," ló wí, "ẹ jẹ́ á lọ ulé."