Èémí Abọ́sẹ̀dé Lọ́jọ́ Ìkórè

Apẹ̀rẹ̀ iṣu ló dá ìbínú náà sílẹ̀.

Díákónì Kọ́lájọ, ẹ̀gbọ́n olóògbé tó bí Abọ́sẹ̀dé, ló gbé e wọ agbo ilé wọn l'Ọ̀rà lọ́jọ́ Sátidé. Iṣu tuntun, ọ̀gẹ̀dẹ̀, obì lórí. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú ọmọ náà bí ẹni gbé oyè fún un.

"Ọ̀la ni ìkórè. Ìwọ lo máa rù ú dé iwájú pẹpẹ. Kí ayé rí iṣẹ́ Olúwa."

"Bàbá, mi ò lè rù ú."

"Ihò ọkàn rẹ, ṣé kò tíì dí ni?"

"Ó ti dí, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí ló wá kù?"

Kí ló kù. Ìbéèrè gbogbo ìlú nìyẹn, láti ìgbà tí ọmọ ìlú kan tó ń gbé ní London ti ṣètò tí wọ́n fi la àyà rẹ̀ lọ́hùn-ún ní 1995. Ihò ni wọ́n bí mọ́ ọn, nínú ògiri tó pín ọkàn sí méjì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí wọ́n rán an pa. Dókítà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò n'Ìbàdàn kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un. Ihò ti dí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya gba ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró láti kékeré ti sọ àwọn iṣan ibẹ̀ di líle. Agbára ni ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ kọjá níbẹ̀. Oògùn, lójoojúmọ́. Ẹrù wúwo, èèwọ̀. Oyún, èèwọ̀. Kó sì máa padà wá fún àyẹ̀wò.

Ta ló gbọ́? "Ihò ti dí" nìkan ni wọ́n gbọ́. Ijó bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìjọ wọn, ẹni tó bá jẹ́rìí ìwòsàn a kó ohun àìsàn rẹ̀ síwájú pẹpẹ. Ọ̀pá arọ. Báńdéèjì. Oògùn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ìyádùnní, ìyá Abọ́sẹ̀dé, fi kó oògùn ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, tòun ti omijé ayọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹni bá dárúkọ dókítà Ìbàdàn ti sọ ẹ̀rí di irọ́. Ọdún kan gbáko láìlo oògùn. Ẹsẹ̀ Abọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bó bá pọnmi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó délé.

"Wọ́n ti tún un ṣe, ó ṣì ń mí bí ajá ọdẹ," àwọn obìnrin ẹnu kànga ní. "Ọ̀lẹ ò lórúkọ méjì."

"Bàbá," Abọ́sẹ̀dé ní fún Díákónì, ohùn rẹ̀ ti ń le, "bí òrùlé bá jò fún ọdún mọ́kàndínlógún, tí ẹ wá dí i lónìí, ògiri tí òjò ti jẹ ńkọ́? Ṣé òun náà ti gbẹ?"

"Ìyàwó," Díákónì kọjú sí Ìyádùnní, "ṣé o ń gbọ́ ọmọ rẹ? Ó fẹ́ sọ ìjọ di onírọ́."

"Ọkọ mi, ẹ má bínú," Ìyádùnní ní. Ó wolẹ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyẹn gan-an ló dun Abọ́sẹ̀dé jù.

"Ó dáa. Mo máa rù ú. Gbogbo yín ni kẹ́ ẹ wò ó."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó rù ú. Orin ń lọ, àtẹ́wọ́ ń dún. Ó kọjá àwọn ọ̀dọ́. Ó kọjá àwọn bàbá. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Kí ó tó dé àárín, ó sọ apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀ gbì, ó na ọwọ́ sí olórin.

"Máìkì."

Wọ́n fún un, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹ̀rí ni wọ́n ń retí.

Ó gbé e sẹ́nu, ó kàn ń mí sí i.

Sípíkà méjèèjì gbé e jáde. Èémí tó ń ha bí ayùn lára igi tútù. Ó ń wọlé, kò wọlé tán. Ó ń jáde, kò jáde tán. Àtẹ́wọ́ dá. Orin dá. Ọmọdé kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ bò ó lẹ́nu.

"Gba máìkì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀!" Díákónì pariwo.

"Ẹni tó bá gbà á á rí mi!"

Ìyádùnní ni. Ó ti dìde láàárín àwọn ìyá ìjọ, gèlè rẹ̀ ti já bọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà tí wọ́n là náà, ó sì kọjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Ọwọ́ mi yìí ló kó oògùn ọmọ mi síbẹ̀ yẹn. Ọwọ́ mi yìí náà ló máa fà á wọ mọ́tò Ìbàdàn lọ́la. Ẹ̀yin tó lágbára, ẹ wá ru iṣu yín."

Abọ́sẹ̀dé kò dúpẹ́. Ọdún kan kì í ṣe ọjọ́ kan, ìbínú rẹ̀ kò sì tíì tán. Ṣùgbọ́n ó fara ti èjìká ìyá rẹ̀, wọ́n sì ń lọ sí ẹnu ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀. Máìkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Títí wọ́n fi jáde, gbogbo ìjọ ń gbọ́ bó ṣe ń mí.