Ilẹ̀ Gbígbá Ìkẹyìn Níwájú Ilé Àǹtí Ozella

Ọrùn ọwọ́ ni. Kì í ṣe apá. Ọrùn ọwọ́ Àǹtí Ozella yí díẹ̀, ìgbálẹ̀ tó fi ẹ̀ka igi ṣe sì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sórí iyẹ̀pẹ̀, bí ojú ibi tí ìyarun gbà kọjá nínú irun. Ó fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀. Ó tún yí i. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ń pa rẹ́ níwájú rẹ̀.

Vonceil dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú kámẹ́rà. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ló ń wà. Lọ́jọ́ Sátidé, á máa ya fọ́tò káàkiri abúlé wọn ní Alabama. Ìrìbọmi lódò. Ẹlẹ́dẹ̀ pípa. Iwájú ilé gbígbá ló kù tí kò tíì rí yà, gbogbo ilé yòókù ló sì ti gbin koríko. Tyree, ọmọ Àǹtí Ozella, ń kó koríko tí wọ́n máa tẹ́ síwájú ilé bọ̀ lónìí, nítorí ìyá rẹ̀ ṣubú nídìí ilẹ̀ gbígbá lóṣù tó kọjá. Ìyá ti gbà. Ilẹ̀ tó mọ́ láìní ojú ẹsẹ̀ kan, pẹ̀lú màmá yìí lórí àtẹ̀gùn: ohun tí Vonceil ń wá nìyẹn. Bí kò bá rí i yà lónìí, ó parí.

“Ẹ wo ọ̀dọ̀ mi, Àǹtí.”

“Ṣé ojú ni mo fi ń gbálẹ̀ ni? Dúró síbẹ̀ jàre. Tóo bá fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí, ìwọ lo máa tún un gbá.”

Ó fi ẹ̀yìn rìn dé àtẹ̀gùn. Ó jókòó. Àwọsánmà bo oòrùn. Vonceil ń dúró kí àwọsánmà náà kọjá kó tó yà á.

Ọkọ̀ Tyree dé. Ó bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin ńlá, ó gbé koríko tí wọ́n ká bí ẹní lé èjìká, ó kọrí sí géètì. Tyree gbẹ́sẹ̀. Ó dá a padà.

“Màmá, ibo ni kí n gbà?”

“Ibo lo máa ń gbà ní kékeré?”

“Ẹ̀gbẹ́ ọgbà.”

“Ṣé ọgbà ti kó lọ ni?”

Vonceil bú sẹ́rìn-ín.

“Máa rẹ́rìn-ín o, Vonceil. Pàṣán ìyá yìí ò kàn ẹ́ rí ni.”

Tyree fẹ̀yìn ti ọgbà, ó fa ikùn wọlé, ó ń wọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ tòun ti koríko. Kì í ṣe fọ́tò tí Vonceil wá yà. Ó yà á. Ìyá ń wo ọmọ. Ọmọ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Wọ́n tẹ́ koríko náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, àárín gbùngbùn koríko náà làwọn èèyàn ń gbà dé ilé Àǹtí Ozella.