Ogójì Ìbọn Bàbá Adébọ̀wálé

Wọ́n ní ogójì ìbọn ló wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé Bàbá Adébọ̀wálé ní Lanham, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò já wọn nírọ́? Ẹnì kan ní ó ń fi méjì ṣe ìrọ̀rí. Ẹlòmíì ní ogun ló ń dúró dè. Arábìnrin kan tí kò wọ ilé náà rí tiẹ̀ ti bá a kà wọ́n tán.

Ẹnu iṣẹ́ láàbù ilé ìwòsàn ni ọ̀gágun tí wọ́n ń wí yìí ti fẹ̀yìn tì ní tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú, Rìnsọ́lá ọmọ rẹ̀ kó lọ sí Texas, ilé wá dákẹ́ débi pé fìríìjì nìkan ló ń dá a lóhùn. Ló bá kira bọ ẹ̀kọ́ ìbọn gígùn àtijọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ìbátan ṣakabùlà tiwa. Àwọn òyìnbó a máa gbé tiwọn wá bá a níbi ìpàtẹ ìbọn àtijọ́. Á fi awò wo igi ìdí ìbọn, á fọwọ́ tọ irin onígun mẹ́jọ náà, á sọ ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́ àti iye owó tó tó. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í yí padà: “Ẹ má fọ̀ ọ́ o!” Àwọ̀ ilẹ̀ tí ọjọ́ orí fi kun irin yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tó bá ha á kúrò ti sọ ìbọn di páànù.

Òyìnbó á dúpẹ́, á gbé ìbọn rẹ̀, á lọ. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé, “Bàbá, ẹ ti jẹun?”

Ìpàdé àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì a máa yí ilé àwọn ọmọ ìjọ kiri, ṣùgbọ́n ọdún méjì rèé tó ti ń fo ilé Bàbá, nítorí ogójì ìbọn. Bàbá bẹ pásítọ̀ títí, wọ́n ní ó di Sátidé. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bi ara rẹ̀ léèrè: bí ẹnikẹ́ni ò bá wá ńkọ́?

Lọ́sàn-án Sátidé, Sístà Morọ́láyọ̀ dé ṣáájú gbogbo ayé. Nọ́ọ̀sì ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun wá bá a tún ilé ṣe. Inú Bàbá dùn, ó sáré jáde lọ ra omi. Ìyẹn náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ láti kó àga.

Nígbà tí Bàbá padà dé, ìbọn tó wà lórí tábìlì níbẹ̀ ń dán bí ṣíbí tuntun.

“Daddy Rìnsọ́lá, ojú ò tiẹ̀ tì yín! Kí irin dógùn-ún báyìí, kí àlejò máa bọ̀? Ọmọ ọdẹ ni mí o. Mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti kànrìnkàn onírin fọ̀ ọ́ fún yín.”

Ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá fi wá ìbọn yẹn. Gbogbo òyìnbó Maryland ló ti kìlọ̀ fún, ẹni tiwa-n-tiwa ni kò rántí kìlọ̀ fún. Ó wo obìnrin náà: ó ká apá aṣọ sókè, omi ọsàn ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ipò kìíní. Bí òun bá jágbe mọ́ ọn, obìnrin náà á gbé báàgì rẹ̀, á lọ. Ta ni yóò tún wá?

Bàbá ní:

“Ẹ ṣeun, Sístà. Ó mọ́.”

“Ó mọ́ kẹ̀! Ẹ ò rí ojú yín nínú ẹ̀? Ó yá, níbo lẹ kó mọ́kàndínlógójì yòókù pamọ́ sí? Kànrìnkàn mi ò tíì gbó.”

Kò sí òmíràn. Ìbọn kan yẹn náà ni Bàbá Adébọ̀wálé ní.