Ewéko Òkun Tí Wọ́n Sun Nílé Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí láyé. Nígbà tí mo rí ààyè ní yunifásítì láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí inú òkun, ó dìde láàárín àwọn àgbà ilé wa, ó ní, "Òkun wo ló wà ní Ìsẹ́yìn? Ẹ jẹ́ kó jókòó ti òfì rẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo lọ bẹ́ẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni ò sìn mí dé ibùdókọ̀.

Etíkun Gánà ni mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni. Ewéko tó ń hù lára òkúta inú òkun ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Èéfín tí a ń tú sójú ọ̀run, òkun ń gbé púpọ̀ mì nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì ń mú kí omi rẹ̀ máa kan díẹ̀díẹ̀, bí ẹni fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Omi tó bá kan kì í jẹ́ kí ìkarahun le. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ràn, ewéko yìí a máa fa ohun tó ń mú omi kan yẹn sára. Mo ń wọn bí omi ṣe kan tó láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, láàárín ewéko àti níta rẹ̀. Lọ́sàn-án, kíkan omi a rọlẹ̀ láàárín wọn, ìkarahun àwọn ìgbín òkun ibẹ̀ a sì nípọn. Mo sá àwọn ewéko náà gbẹ, mo tẹ̀ wọ́n sáàárín bébà, mo kọ ohun tí mo wọ̀n sára bébà kọ̀ọ̀kan. N ò ṣe ẹ̀dà.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo kó wọn sínú àpò méjì wá sí yàrá mi nínú ilé bàbá wa. Gbogbo ìgbà ni mo ń sọ pé màá padà lọ sí Gánà. Lọ́dún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan pè mí. Wọ́n fẹ́ da yanrìn bo àwọn òkúta náà láti kọ́ òtẹ́ẹ̀lì.

"Màmá, wọ́n ní koríko lásán ni. Ìwé yín nìkan ló kù tó lè fi iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe hàn. Ẹ bá wa gbé e wá kí ìgbìmọ̀ tó máa pinnu ọ̀rọ̀ náà tó jókòó."

Mo ṣílẹ̀kùn yàrá. Àpò méjèèjì ti ṣófo.

Aláró ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Eérú igi ayín ni wọ́n fi ń ṣe aró nílé wa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sun èédú ti gé ayín tán títí dé ọ̀nà Ìpàpó, ohun gbígbẹ tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà ló ń sun. Mo lọ bi í léèrè ohun tó wà nínú àpò mi.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n yín ló kó o fún mi, wọ́n ní ẹ fẹ́ dà á nù ni. Ó tiẹ̀ ń rùn bí ẹja nínú iná."

Mo fọwọ́ wá inú eérú títí ọwọ́ mi fi bó. N ò rí bébà kan. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti da yanrìn síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún gbogbo ilé pé àṣìṣe ni. N ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, àfìgbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn tí wọ́n ní ó ń pè mí. Mo lọ kó lè bẹ̀ mí. Ó di etí ìró mi mú.

"Mo ka àwọn ìwé yẹn kí n tó kó wọn fún ìyàwó mi. Mo mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Mo rò pé bí wọn ò bá sí mọ́, o ò ní rí ohun tí wàá tún padà lọ ṣe níbẹ̀."