Gèlè Aláwọ̀ Ewé

Àǹtí tí yàrá wọn kángun sí tiwa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kì í kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá kásẹ́ẹ̀tì fídíò kó má yà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá eré tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan. Màmá mi wà nínú ẹ̀, wọ́n ń pọnmi, wọ́n wé gèlè aláwọ̀ ewé." Màmá náà ti kú, wọn ò sì ní fọ́tò rẹ̀ kankan.

Lọ́jọ́ kan tí mo tẹ̀lé e lọ, oníṣọ́ọ̀bù bi í pé, "Àǹtí, ṣé tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère lẹ ní nígbà yẹn?"

Dúdú àti funfun ni tiwọn. "Àbí àlá ni mo lá?" ni Àǹtí ń bi mí títí a fi délé.

Èmi ni mo ń wá eré náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí. Mo máa ń kọ obìnrin tó ń pọnmi síbẹ̀. Àwọ̀ gèlè ni mi ò jẹ́ kọ.